Bí A Ti Ń Dá Àyè Sílẹ̀ Nínú Àká Ìsọfúnni Ilé Ìkàwé

Ilé tí a ń kó ẹrù wọ̀ lójoojúmọ́, tí a kì í sì í kó ohunkóhun jáde níbẹ̀, kò ní pẹ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Àgbẹ̀ Èkìtì mọ èyí dájú. Nígbà tí iṣu tuntun bá kù díẹ̀ kí ó jáde, kì í ṣe bí yóò ti wà á nìkan ni ó ń rò. Ó ń ro ibi tí yóò kó o sí pẹ̀lú. Yóò wọ inú àká rẹ̀ lọ, yóò yẹ iṣu ọdún tí ó kọjá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò kó èyí tí ó ti rà dànù, yóò sì ya èyí tí yóò fi ṣe èbù sọ́tọ̀. Bí ó bá fi ìkánjú ṣe iṣẹ́ yìí, tí ó kó èbù pọ̀ mọ́ èyí tí ó rà, tí ó sì da gbogbo rẹ̀ sí ààtàn, òun fúnra rẹ̀ ni ó fa ìyàn wọ ilé. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn dá àyè sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó kó dànù.

Bí ọ̀ràn àgbẹ̀ ti rí yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ilé ìkàwé. Ní ìgbà àtijọ́, inú dúróà gígùn ni àwọn ilé ìkàwé ńláńlá ń to káàdì sí. Ìwé kan lè ní káàdì mẹ́ta: ọ̀kan lábẹ́ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ọ̀kan lábẹ́ àkọlé rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ohun tí ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí dúróà bá kún, ojú ni a fi ń rí i. A ó ní kí káfíńtà kan òmíràn. Lónìí, bí ọmọ Ìsinbọ̀dé-Èkìtì kan bá jáde ilé-ìwé gíga, tí ó sì wọ yunifásítì, ó ṣeé ṣe kí ó má rí dúróà káàdì kankan. Iwájú kọ̀ǹpútà ni yóò jókòó sí, yóò tẹ orúkọ ìwé tí ó ń wá, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ fún un bóyá ìwé náà wà lórí pẹpẹ tàbí ẹlòmíràn ti yá a lọ. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń mú ìdáhùn yìí wá ni a lè pè ní àká ìsọfúnni, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní dátábéèsì. Àká yìí pẹ̀lú a máa kún, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i. Ọjọ́ tí ó bá kún tán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ fún iṣẹ́ yìí ni Koha. Ìtàn bí ó ti bẹ̀rẹ̀ yẹ fún àfiyèsí, nítorí pé ọ̀ràn àyè dídásílẹ̀ gan-an ni ó bí i. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, ibi ìpamọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kéré, ó sì wọ́n púpọ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí gé ọdún kúrú. Dípò kí wọ́n kọ 1965, wọn a kọ 65. Wọ́n rò pé nọ́mbà méjì tí àwọn gé kúrò kò já mọ́ nǹkan kan. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí le nígbà tí ọdún 2000 ń bọ̀ lọ́nà. Ní ti irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, 00 lè jẹ́ ọdún 1900 bákan náà, ìwé tí a yá ní oṣù tí ó kọjá sì lè dà bí èyí tí ó ti wà lóde fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Owó ribiribi ni gbogbo ayé ná láti tún ohun tí wọ́n fi nọ́mbà méjì bàjẹ́ ṣe.

Ní orílẹ̀-èdè New Zealand, ní agbègbè kan tí a ń pè ní Horowhenua, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìkàwé ibẹ̀ ń lò wà lára àwọn tí kò ní lè la ọdún 2000 já. Ní ọdún 1999, wọ́n bẹ ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Katipo Communications lọ́wẹ̀ láti kọ ètò tuntun fún wọn, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2000. Wọ́n pè é ní Koha, èyí tí í ṣe ẹ̀bùn ní èdè àwọn Māori, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ sì ti rí ni wọ́n ṣe ṣe é: wọ́n fi í lélẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lò ó, tí ó sì fẹ́ tún un ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìkàwé tí kò ní owó púpọ̀ lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Bowen tí ó wà ní Ìwó, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti Yunifásítì Jos wà lára àwọn tí wọ́n gbà á wọlé.

Kí ni ó wá ń kún inú irú àká bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò dáhùn pé ìwé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìṣirò kékeré kan yóò sì fi í hàn. Báìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń wọn ìpamọ́: lẹ́tà kan tí kò ní àmì gba báìtì kan, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún báìtì ni kìlóbáìtì kan, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlóbáìtì sì ni mẹ́gábáìtì kan. Kí a gbà pé ilé ìkàwé kan ní ìwé 50,000, àti pé àkọsílẹ̀ nípa ìwé kọ̀ọ̀kan gba kìlóbáìtì 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 200, èyí tí tẹlifóònù alágbèéká kékeré lè gbé láìmí kanlẹ̀. Kí a tún gbà pé àwọn ẹ̀rọ aṣàwárí orí íntánẹ́ẹ̀tì ń kan ìlẹ̀kùn ilé ìkàwé náà ní ìgbà 20,000 lóòjọ́, àti pé ìkànlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ń fi àmì tí ó tó kìlóbáìtì 1 sílẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àmì wọ̀nyí yóò ti di mẹ́gábáìtì 600, ìlọ́po mẹ́ta gbogbo àkọsílẹ̀ ìwé tí ó wà nínú ilé náà. Ẹsẹ̀ àwọn tí ń wọlé tí ń jáde ni ó ń kún ilé, kì í ṣe ìwé.

Oríṣiríṣi ni ẹsẹ̀ wọ̀nyí. Èkíní ni àmì ìbẹ̀wò tí a ti mẹ́nu kàn. Nígbàkígbà tí ẹnì kan tàbí ẹ̀rọ kan bá wọ inú ètò náà, Koha a kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè dá a mọ̀ títí yóò fi jáde. Lẹ́yìn tí ó bá ti lọ, àmì náà kò wúlò mọ́. Èkejì ni ìtàn àwárí, èyí tí í ṣe ohun tí oníkálukú tẹ̀ láti fi wá ìwé. Ẹ̀kẹta ni àwọn lẹ́tà orí ímeèlì tí a ti fi ránṣẹ́ láti rán ènìyàn létí pé ọjọ́ àtidá ìwé padà ti pé. Ẹ̀kẹrin ni ìwé ìrántí iṣẹ́, níbi tí Koha ń kọ ẹni tí ó yí àkọsílẹ̀ padà sí, àti ọjọ́ tí ó ṣe é. Èyí a máa wúwo púpọ̀, nítorí pé nígbà mìíràn gbogbo àkọsílẹ̀ ìwé náà ni a ń dà kọ síbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a yí padà. Ẹ̀karùn-ún ni àwọn àkọsílẹ̀ tí a yá lò láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìkàwé mìíràn, bí irú èyí tí ó wà ní Washington ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní Library of Congress. Bí òṣìṣẹ́ bá ti mú èyí tí ó bá ìwé rẹ̀ mu, tí ó sì ti fi í sí àyè rẹ̀, àwọn ẹ̀dà tí a kó wá fún àyẹ̀wò ṣì wà nílẹ̀ bí èèpo iṣu tí a kò gbá.

Èrò púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ni pé bí àká bá kún, àwọn ìwé tuntun nìkan ni a kò ní rí àyè fún. Ìyà rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dísìkì bá kún bámúbámú, kọ̀ǹpútà kò ní lè kọ àmì ìbẹ̀wò kan ṣoṣo sílẹ̀ mọ́, nítorí náà òṣìṣẹ́ kò ní lè wọlé síbi iṣẹ́ rẹ̀. A kò ní lè yá ẹnikẹ́ni ní ìwé, a kò sì ní lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan ti dá ìwé padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ ku ọjọ́ méjì yóò dúró síwájú tábìlì, ìwé yóò wà lórí pẹpẹ, òun kò sì ní lè mú un lọ. Níbi tí ó bá sì jẹ́ pé àyè orí kọ̀ǹpútà òkè òkun ni ilé ìkàwé háyà, tí a sì ń fi owó dọ́là san án, ẹ̀gbin tí a kò gbá yóò máa jẹ owó tí ì bá ra ìwé tuntun.

Ìrònú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí àwọn kan fi ìbínú gbé ìgbálẹ̀. Nǹkan mẹ́ta wà tí kò yẹ kí ìgbálẹ̀ náà kàn.

Àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀ ìwé fúnra rẹ̀, pàápàá ti àwọn ìwé kékeré tí kò wọ́pọ̀. Bí ará Ìsinbọ̀dé kan bá kọ ìwé pẹlẹbẹ lórí ìtàn ìlú náà, tí a sì tẹ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ilé ìkàwé kan tàbí méjì péré ni yóò ní in. Ẹni tí ó bá pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tí ó yá a fún ọdún mẹ́wàá ti sin ìwé náà láàyè. Ìwé yóò wà lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wà. Kìlóbáìtì 4 péré ni èrè rẹ̀.

Èkejì ni àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà Yorùbá. Òótọ́ ni pé wọ́n ń gba àyè. Ní ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tí a ń pè ní UTF-8, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lónìí, lẹ́tà e lásán gba báìtì 1. Bí a bá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀ tí ó di ẹ, ó di báìtì 3. Bí a bá tún fi àmì ohùn òkè lé e lórí, ó di báìtì 5. Ẹnì kan lè rò pé bí a bá bọ́ gbogbo àmì wọ̀nyí kúrò, a ó rí àyè. Kí ó ṣírò rẹ̀ wò: bí àmì bá fi báìtì 30 kún àkọlé ìwé kọ̀ọ̀kan, ìwé 50,000 yóò fi mẹ́gábáìtì kan àti ààbọ̀ péré kún un, èyí tí kò tó fọ́tò kan tí a fi tẹlifóònù yà. Nítorí èyí, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń gbé àti ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó yóò di ọ̀kan náà lójú ẹni tí ń ka àkọlé wọn. Irú àṣìṣe tí a fi nọ́mbà méjì ṣe kí ọdún 2000 tó dé nìyí: a ṣọ́ kọ́bọ̀, náírà sì bọ́ sọnù.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó kan gbèsè àti ìwé tí ó ṣì wà lóde. Bí a bá pa orúkọ ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́, ọ̀dọ̀ ta ni a ó ti gba ìwé náà? Bákan náà ni iye ìgbà tí a yá ìwé ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Òun ni alábòójútó fi ń fi hàn fún àwọn aláṣẹ pé ilé ìkàwé ń ṣiṣẹ́, tí ó sì fi ń bèèrè owó. Kí ó ti ṣe àkójọ rẹ̀ fún ìròyìn ọdọọdún kí ó tó fọwọ́ kan án.

Bí a bá ti mọ ohun tí a kì í dà nù, iṣẹ́ kù. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo àká náà, kí a gbé e lọ sí ibòmíràn tí kì í ṣe orí dísìkì kan náà, kí a sì dán an wò bóyá ó ṣeé ṣí. Ẹ̀dà tí a kò dán wò dà bí ìbọn tí ọdẹ kò yìn rí; ọjọ́ tí ẹranko bá yọ ni yóò mọ̀ bóyá ó ń dún. Lẹ́yìn èyí, kí a bi kọ̀ǹpútà léèrè abala tí ó wúwo jù lọ nínú àká, kí a má bàa lo ọjọ́ kan gbáko níbi tí èrè kò sí.

Koha ní ohun èlò ìgbálẹ̀ tirẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ cleanup_database.pl. A ó sọ abala tí a fẹ́ kí ó gbá fún un, àti bí ohun tí yóò kó ti gbọ́dọ̀ pẹ́ tó. Bí a kò bá dá iye ọjọ́ kan fún un, yóò fi lẹ́tà àti ìtàn àwárí tí kò tíì pé 30 ọjọ́ sílẹ̀, yóò sì fi ìwé ìrántí iṣẹ́ sílẹ̀ fún 180 ọjọ́. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn a máa yá ju èrò rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí a kò bá fi ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí kún àṣẹ náà, kò ní pa ohunkóhun rẹ́. Yóò kàn sọ ohun tí ì bá pa rẹ́ ni. Kí alábòójútó ka èyí dáadáa kí ó tó fọwọ́ sí i. Àkókò tí kò sí èrò ni ó dára jù fún iṣẹ́ náà, kí ó sì rí i dájú pé iná kò ní lọ lójijì, nítorí pé iná tí ó bá kú láàárín iṣẹ́ lè ba àká jẹ́.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu. Yóò ti pa àádọ́ta ọ̀kẹ́ àmì ìbẹ̀wò rẹ́, yóò wo dísìkì, yóò sì rí i pé àyè tí ó wà níbẹ̀ kò fẹ̀ sí i. Kì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ já sí asán. Bí àgbẹ̀ bá yọ iṣu rírà kúrò ní àárín àká, ihò ṣófo ni ó kù síbẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri àká kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sún wọlé. Iṣu mìíràn lè wọ inú ihò náà. Ẹni tí ó fẹ́ fi ilẹ̀ tí ó kù ṣe nǹkan mìíràn kò ní rí i lò. Bẹ́ẹ̀ ni MySQL àti MariaDB, àwọn ètò tí Koha ń lò láti pa ìsọfúnni mọ́, ti ń ṣe. Kí àyè náà tó padà sọ́wọ́ dísìkì, a ní láti pàṣẹ pé kí abala náà di títúntò. Yóò kọ́ abala tuntun, yóò kó ohun tí ó kù lọ síbẹ̀ láìsí ihò, yóò sì wó ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, àtijọ́ àti tuntun ni yóò jọ wà lórí dísìkì. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò ní àyè díẹ̀ lọ́wọ́ kò lè rí àyè púpọ̀ gbà. Ẹni tí ó bá dúró dìgbà tí dísìkì kún bámúbámú yóò bá ilẹ̀kùn tí ó ń wá ní títì.

Ìdí mìíràn tún wà fún gbígbá àká yìí tí ó ju ọ̀ràn àyè lọ. Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ìwé tí ènìyàn yá jẹ́ ọ̀ràn àárín òun àti ọkàn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan lè yá ìwé lórí àìsàn tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni; ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè máa ka ìwé ẹ̀sìn tí kì í ṣe ti ilé wọn. Bí ó bá ti dá ìwé padà, kí ni àká ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe mọ́? Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, sọ pé kí a má ṣe pa ìsọfúnni nípa ènìyàn mọ́ ju àkókò tí ó wúlò lọ. Koha lè gé okùn tí ó wà láàárín òǹkàwé àti ìwé tí ó ti dá padà, kí iye ìgbà tí a yá ìwé náà ṣì wà, ṣùgbọ́n kí orúkọ ẹni tí ó yá a má sí níbẹ̀ mọ́. Àyè tí a rí nínú èyí kéré. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí a fún òǹkàwé pọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí a sì gbàgbé. Ẹni tí ń gbá ilé rẹ̀ ní òròòwúrọ̀ kò mọ ìnira ẹni tí ń gbá tirẹ̀ lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. A lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó máa gbá àmì ìbẹ̀wò ní alaalẹ́, kí ó sì máa gbá lẹ́tà àti ìtàn àwárí lóṣooṣù; iṣẹ́ alábòójútó kò ní ju kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ àlejò àti ohun ìní ilé, ọmọ tí ó bá tẹ orúkọ ìlú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà lọ́dún tí ń bọ̀ yóò rí ìwé tí a kọ nípa rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì orí lẹ́tà rẹ̀, yóò sì lè yá a lọ sílé.

Ìbéèrè

1. Báwo ni ọdún tí a gé kúrú ṣe di wàhálà, kí sì ni ó ti ara wàhálà náà jáde?
2. Dárúkọ márùn-ún nínú ohun tí ń kún àká ìsọfúnni ilé ìkàwé.
3. Èéṣe tí kò fi yẹ kí a bọ́ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá nítorí àyè?
4. Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ ṣàlàyé ìdí tí dísìkì kì í fi í fẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀ tí a bá pa nǹkan rẹ́.
5. Kọ àròkọ kúkúrú lórí òwe yìí: Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.